Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà wo ni kí n máa wò tí ilẹ̀ bá mì ní Japan?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Mpape ní Abuja níbí ni mò ń gbé, àbúrò mi obìnrin ń kàwé ní Sendai ní Japan. Láàárọ̀ yìí ilẹ̀ mì nínú òkun lápá ọ̀dọ̀ wọn, mo rí i lórí fóònù pé USGS, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ ìmìtìtì ilẹ̀, kọ magnitude (ìyẹn bí ìmìtìtì náà fúnra ẹ̀ ṣe lágbára tó) tó lé díẹ̀ ní 5, àyà mi já, torí èyí tó mì wá ní Mpape ní September 2018 ò tó bẹ́ẹ̀ rárá, síbẹ̀ ṣe la sá jáde.

Mo pè é, ó ní shindo 3 ni, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n ń lò ní Japan láti sọ bí ilẹ̀ ṣe mì tó níbi téèyàn wà, pé gílóòbù ló kàn ń mì lókè. Mo lọ sórí sáìtì JMA, àjọ ojú ọjọ́ Japan tó tún ń ṣọ́ ìmìtìtì ilẹ̀, nọ́ńbà méjèèjì wà níbẹ̀, wọn ò jọra, orí mi wá dàrú. Apá ibẹ̀ náà sì ni ti 2011 tó gbé omi òkun wọ̀lú ti ṣẹlẹ̀, ti magnitude 9 yẹn, mi ò lè gbàgbé fídíò ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Japan, èwo nínú méjèèjì ni kí n máa wò kí n tó mọ̀ bóyá omi lè ya wọ̀lú? Ṣé èyí tó lé díẹ̀ ní 5 nínú òkun lè fa tsunami?