Àbọ̀ ọ̀rọ̀ Camry 2008 mi tó ní àsídẹ́ǹtì: mo ti fi ṣe trade-in (mo fún díláà, wọ́n sì yọ owó ẹ̀ nínú owó mọ́tò míì tí mo rà lọ́wọ́ wọn)

Ẹ kú déédéé ìwòyí o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ rántí pé mo bèèrè pé Camry tí wọ́n gbá lẹ́yìn ní Houston níbí, tí wọ́n ti tún bọ́ńpà àti bùútù ẹ̀ ṣe, èló ló yẹ kí díláà gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ti parí, mo ní kí n wá jábọ̀.

Díláà àkọ́kọ́ kàn ṣí Carfax ni, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìtàn mọ́tò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bó ṣe rí àsídẹ́ǹtì yẹn báyìí ló pe $1,500, kò tiẹ̀ yọjú wo mọ́tò. Ó dùn mí gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n kó rìsíìtì àtúnṣe àti fọ́tò dání, Ọlọ́run á bù kún yín, torí àwọn díláà kejì kà á, wọ́n gbé mọ́tò sókè wo abẹ́ ẹ̀, wọ́n rí i pé fírémù ò tẹ̀, airbag ò bẹ́ rí, title ẹ̀ (ìwé tó fi hàn pé èmi ni mo ni mọ́tò) náà mọ́, kì í ṣe salvage (ti mọ́tò tó ti bàjẹ́ kọjá ààlà), ni wọ́n bá san $2,600.

Ẹnì kan fẹ́ rà á lọ́wọ́ mi ní $2,700 o, àmọ́ ní Texas wọ́n máa ń yọ owó trade-in kúrò lára owó mọ́tò tẹ́ ẹ fẹ́ rà kí wọ́n tó ka táàsì 6.25% lé e, ìyẹn fi bíi $162 sí àpò mi, ni mo bá fún díláà. Ẹ ṣírò ìyẹn kẹ́ ẹ tó gbà fún ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ ṣé gan-an ni.