Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni prion ṣe ń dí ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́ nínú ọpọlọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọpọlọ. Mo ń kà nípa prion, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Stanley Prusiner fún lórúkọ ní 1982. Ó yé mi pé purotéènì ara wa náà ni, tó ká lódìlódì, tó sì ń sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ dà bíi tirẹ̀. Proteinase K, ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ purotéènì, máa ń jẹ èyí tó dáa tán pátápátá, àmọ́ tó bá kan èyí tó bàjẹ́, àárín rẹ̀ gbọingbọin máa ń ṣẹ́ kù.

Proteasome ló rú mi lójú. Òun ni ẹ́ńsáìmù tó ń gé purotéènì àlòkù wẹ́wẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, prion sì ń fa iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ṣé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló ń dí ni, àbí ojú ibi tó ti ń gé e? Ṣé ìyẹn ló ń pa sẹ́ẹ̀lì? Ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀, ẹ ṣàlàyé fún mi.