Tribunal fẹ́ da ẹjọ́ mi nù torí pé ẹ́jẹ́ńsì ni mo wà, kí ni kí n ṣe?

Àdùkẹ́84:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ orí mi ti dà rú. Ẹ́jẹ́ńsì ló fi mí síṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní England níbí, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń lọ síbẹ̀, mánijà wọn ló ń sọ ìgbà tí mo máa wá, yunifọ́ọ̀mù wọn ni mò ń wọ̀. Àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, kí n tó padà dé wọ́n ti fi ẹlòmíì sípò mi, ẹ́jẹ́ńsì ní àwọn ò ríṣẹ́ fún mi mọ́. Mo bá kọ fọ́ọ̀mù lọ sí Employment Tribunal, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, fúnra mi pé wọ́n lé mi láìtọ́. Àná ni lẹ́tà dé, adájọ́ ní ẹjọ́ náà jọ èyí tí ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kí n kọ̀wé sọ ìdí tí òun ò fi ní fagi lé e. Ọdún mẹ́ta o!

Baba Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́ àbúrò mi, ṣé ara ti yá? Ọdún mẹ́ta yẹn gan-an ló ń tan èèyàn jẹ. Ìwọ àti ẹ́jẹ́ńsì lẹ jọ tọwọ́ bọ̀wé, ẹ́jẹ́ńsì àtilé iṣẹ́ ní tiwọn, ṣùgbọ́n kò síwèé kankan láàárín ìwọ àtilé iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ wọn gan-an ló lè pè wọ́n lẹ́jọ́ pé wọ́n lé òun láìtọ́. Obìnrin kan gbé irú ẹ̀ lọ, káńsù Greenwich ló ń bá ṣiṣẹ́ látọ̀dọ̀ ẹ́jẹ́ńsì, ọdún díẹ̀ ló lò níbẹ̀, àìsàn náà ni, ẹlòmíì náà ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀. Ó dé Court of Appeal, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, lọ́dún 2008, ó pàdánù. Àwọn adájọ́ ní àfi tó bá pọn dandan làwọn fi lè sọ pé kọ́ńtíráàtì wà níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti kọ ọ́. Má bínú, ẹjọ́ "wọ́n lé mi" yẹn ò jọ pé ó máa dúró.

Tókunbọ̀:
Ẹ yé dẹ́rù bà á jàre. Òfin ọ̀sẹ̀ 12 ńkọ́? Ọdún 2011 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tó o bá ti lo ọ̀sẹ̀ 12 o ti di òṣìṣẹ́ wọn nìyẹn

Baba Ìbejì:
Tókunbọ̀, irú ọ̀rọ̀ yìí ló ń kó àwọn èèyàn wa dé tribunal lọ́wọ́ òfo. Owó iṣẹ́ àti ìsinmi tó bá tàwọn tílé iṣẹ́ gbà fúnra wọn fún irú iṣẹ́ yẹn dọ́gba ni òfin yẹn fún ẹni ẹ́jẹ́ńsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, kò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ wọn.

Ṣadé_Union:
Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ tó wà nínú lẹ́tà yẹn kọjá láìfèsì o, ẹ sì lè ní kí wọ́n jókòó gbọ́ yín. Nígbà míì adájọ́ kì í fagi lé e, á ní kéèyàn san dìpọ́síìtì tó lè tó £1,000 lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan kó tó tẹ̀ síwájú, téèyàn bá sì wá pàdánù, owó lọ́yà wọn lè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìbéèrè mi rèé: ṣé àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, àbí oyún? Torí Equality Act 2010, òfin tó ní kí wọ́n má fìyà jẹ èèyàn nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, dáàbò bo òṣìṣẹ́ ẹ́jẹ́ńsì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń lò ó látọjọ́ àkọ́kọ́, adájọ́ kì í sì í déédéé da irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nù láìgbọ́ ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ má parọ́ ẹ̀ o, mo ti rí ẹni tó ṣe é, ojú tì í.

Àdùkẹ́84:
Rárá o, ibà lásán ni. Ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tí Baba Ìbejì sọ nípa owó yẹn… àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà ń gbà jù mí lọ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan látọjọ́ yìí, mo rò pé bó ṣe máa ń rí fún ẹni ẹ́jẹ́ńsì nìyẹn ni

Baba Ìbejì:
Háà! Èyí ló yẹ kó o kọ́kọ́ sọ. Wá gbogbo payslip ẹ jọ, pe ACAS, àjọ tó ń bá òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá yanjú aáwọ̀ iṣẹ́, lónìí, kó o sì kọ̀wé bi tribunal bóyá wọ́n á jẹ́ kó o fi kún ẹjọ́ tó wà nílẹ̀. Ọjọ́ ń lọ o.