Re: Kí ni ká pe funk àwọn ará Bràsíìlì? (Fọ́nkì ni, ẹ jọ̀ọ́)

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ijẹta tí ẹ̀gbọ́n wa ti ní àwọn ń kọ nǹkan nípa funk àwọn ará Bràsíìlì, orin ijó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò mẹ̀kúnnù Rio, bó ṣe jẹ́ sí àṣà ibẹ̀ àti sí ọkàn àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó o, pé kí ni ká máa pè é ní Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn dá "orin ọmọ ìta" lábàá, àǹtí kan ní "àlùjá", ẹnìkan wá ní "orin orí òkè" torí pé orí òkè ni àdúgbò tí wọ́n ti ń kọ ọ́ wà ní Rio. Mo mọ̀ pé àwàdà nìyẹn, ẹni tó bá gbọ́ orin orí òkè nílé wa á ti wọ aṣọ funfun á ti gbé ike omi dání.

"Orin ọmọ ìta" gan-an ló ń dùn mí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ ò ní in sí ibi, ṣùgbọ́n ẹjọ́ lẹ ti dá yẹn, ẹ ò tíì sọ orin náà lórúkọ. Ohun tí àwọn oníròyìn Rio ti ń ṣe láti 1992 náà nìyẹn. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ létíkun Arpoador, gbogbo ẹ̀ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, bí àwọn èèyàn ṣe ń sá kíjokíjo, ni wọ́n bá ní àwọn ọmọ tó máa ń lọ òde funk ló wà nídìí ẹ̀, àtìgbà yẹn ni "funkeiro", tó kàn jẹ́ ẹni tó ń kọ orin yìí tàbí tó fẹ́ràn ẹ̀, ti di nǹkan tí wọ́n fi ń bú ọmọ dúdú tó bá ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀. Ní 2009 ìpínlẹ̀ Rio ṣe òfin 5543, wọ́n ní àṣà ni funk, pé àwọn iléeṣẹ́ àṣà ni kó máa bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀. Síbẹ̀ náà, ní 2017, àwọn tó lé ní 20,000 fọwọ́ sí i pé kí Sẹ́nétì sọ ọ́ di ọ̀ràn (wọn ò gbà fún wọn ṣá). Bí wọ́n ṣe ṣe capoeira náà nìyẹn, ijó òun ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, ìwé òfin ọ̀daràn wọn ti 1890 ló sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tó wá di oṣù kejìlá 2019, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án kú ní òde funk kan ní Paraisópolis ní São Paulo nígbà tí ọlọ́pàá ya wọ ibẹ̀, èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ wá fẹ́ kí ẹni tó máa kà á ní Yorùbá ti gbọ́ "ọmọ ìta" kó tó gbọ́ pé ọmọ kan kú?

Àǹtí, "àlùjá" yín dùn létí o. Ìlù Ṣàngó ni, wọ́n ṣì ń lù ú títí dòní ní Candomblé Ketu, ẹ̀ka tiwa nínú ẹ̀sìn àwọn aláwọ̀ dúdú Bràsíìlì, alujá náà ni wọ́n ń kọ. Àmọ́ funk ò gba ibẹ̀ wá. Ìlù tí wọ́n ń pè ní tamborzão, ìyẹn "ìlù ńlá", tó jáde níparí àwọn ọdún 1990 tó sì gba ipò ìlù Miami bass (ìlù ráàpù kan láti Miami ní Amẹ́ríkà) tí wọ́n ń yá lò tẹ́lẹ̀, ohùn atabaque (ìlù gígùn tí wọ́n ń fọwọ́ lù) wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n congo de ouro àti maculelê (ìlù ijó kan tí wọ́n ń fi igi jó) ni àwọn tó mọ ìlù máa ń sọ pé ó jọ, congo de ouro sì rèé, ti Candomblé Angola ni, ti àwọn tí baba ńlá wọn wá láti Congo àti Angola, tí wọ́n ń bọ nkisi tiwọn, kì í ṣe òrìṣà. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá dún ní Bràsíìlì ló jẹ́ tiwa. A máa ń ṣe é jù, ká sòótọ́, a gbọ́ axé (àṣẹ) a gbọ́ ilê (ilé), orí wa wú, a bá kó ẹrù ẹlẹ́rù mọ́ tiwa.

Tèmi ni pé ká fi orúkọ tí àwọn tó ni ín ń pè é sílẹ̀ fún un, ká kàn kọ ọ́ dáadáa. Ẹ gbọ́ bí ará Rio ṣe ń pè é, kì í ṣe "fúǹkù", wọ́n á fi imú pe fáwẹ́lì àkọ́kọ́, wọ́n á wá fi i kún un níparí, sílébù méjì péré. Ìró aránmúpè yẹn la ní gan-an! Lẹ́yìn b, f, gb, p, w, "ọn" la sì máa ń fi kọ ọ́: ìbọn, fọn, gbọ́n, pọ́n, àwọn. Fọ́nkì nìyẹn, òkè-ìsàlẹ̀, ó parí. Àwọn tó ń kọ "fọ́ńkì" ti fi sílébù kẹta kún un láìnídìí. Ó tún ní àǹfààní kan, a ò ní máa dà á pọ̀ mọ́ funk James Brown. Lóòótọ́ ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá, torí ní àwọn ọdún 1970 àwo soul àti funk Amẹ́ríkà ni wọ́n ń lù ní òde ijó àwọn aláwọ̀ dúdú Rio, nígbà tó di àwọn ọdún 1980 Miami bass gba ibẹ̀, orin yí padà, orúkọ ò yí padà, ní 1989 DJ Marlboro wá gbé àwo kan jáde tó kún fún orin tí wọ́n fi èdè Potogí tiwọn kọ. Orúkọ ti di tiwọn. Ṣebí Barrister náà sọ pé pátákó òkè Fuji ti Japan lòun rí ní pápákọ̀ òfuurufú tóun fi mú orúkọ fújì, ta ló ń bi wá léèrè Japan lónìí?

Ó ku ọ̀rọ̀ ọkàn tí ẹ̀gbọ́n bèèrè, ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kọ "ìdánimọ̀", wọ́n ní fọ́nkì ń fún àwọn ọ̀dọ́ ní ìdánimọ̀. Mi ò fẹ́ ẹ. Ìdánimọ̀ ni ohun tí ẹlòmíì fi ń dá ẹ mọ̀, káàdì, ojú, àdírẹ́sì, ọlọ́pàá gan-an ń dá wọn mọ̀ dáadáa. Ará fafẹ́là, ìyẹn àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù orí òkè yẹn, tó bá ń wáṣẹ́ ní Rio, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń fi orúkọ àdúgbò ẹ̀ pamọ́, á ní ọ̀dọ̀ àǹtí òun ní ìsàlẹ̀ lòun ń gbé, torí tó bá sọ òótọ́ wọn ò ní pè é mọ́. Orúkọ tó fi pamọ́ lówùúrọ̀ Mọ́ńdè yẹn náà ni olórin máa ń pariwo lálẹ́ Sátidé, Rocinha! Cidade de Deus! Borel! Láàárín àwọn ọdún 1990, Junior àti Leonardo tí wọ́n jẹ́ ọmọ Rocinha kọ orin kan tó kàn ń ka òde fọ́nkì ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, ibi tó wà àti bó ṣe dùn tó. Cidinho àti Doca ti Cidade de Deus kọ tiwọn, kò ju pé àwọn fẹ́ gbádùn, káwọn máa rìn fàlàlà ní fafẹ́là tí wọ́n ti bí àwọn. MC Bob Rum kọrin nípa Silva kan, òṣìṣẹ́, bàbá ọmọ, tí wọ́n pa nígbà tó ń lọ òde, Silva sì rèé, orúkọ tó kún ilẹ̀ ni, bí ìgbà téèyàn ní Lágbájá. Kí la ń pe nǹkan tí wọ́n ń ṣe yẹn bí kì í bá ṣe oríkì? Ẹnìkan á ní oríkì àjogúnbá ni, pé ọmọ ọdún méjìdínlógún kan ò lè jókòó kó hun oríkì fún àdúgbò. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí oríkì ń ṣe fúnni lara la ń wí, orí ń wú! "Orí wíwú" ni kí ẹ kọ, ẹ̀gbọ́n, ẹ fi "ìdánimọ̀" sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe káàdì.

Pancadão ńkọ́, orúkọ míì tí wọ́n ń pè é? Pancada ni kéèyàn gbá nǹkan gbàmù. Èdè tiwa ti ràn wá lọ́wọ́, torí ìlù la ń lù, èèyàn náà la ń lù. Mo fẹ́ dá "aluniláyà" lábàá, torí àyà ni baàsì yẹn ti ń bá èèyàn kí etí tó gbọ́, wọ́n á to sípíkà jọ bí ògiri. Ẹ wò ó bóyá ó lè dúró.

MC, bí wọ́n ṣe ń pe akọrin fọ́nkì, ẹ má fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó ń darí ètò níbi ìgbéyàwó ni gbogbo èèyàn á rò. Onífọ́nkì fún akọrin, ọmọ fọ́nkì fún ẹni tó kàn ń jó.

Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ ìdí pọ̀ jù nínú ẹ̀, pàápàá lẹ́nu àwọn obìnrin bíi Tati Quebra Barraco, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ lọ bi ará Ìbàdàn nípa orin Òkèbàdàn kí ẹ tó pe ọlọ́pàá.

Fafẹ́là nìkan ni mi ò rí nǹkan ṣe sí. Orúkọ igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni, àwọn sójà tó ti ogun Canudos (ogun abẹ́lé kan ní Bràsíìlì) dé ní 1897 ló gbé e wá sórí òkè tí wọ́n kọ́lé sí ní Rio, òkè yẹn ló ń jẹ́ Providência báyìí. "Ahéré" tí ẹnìkan kọ ò bá a mu, bíríkì ni púpọ̀ nínú ilé yẹn, ilé lórí ilé. "Àdúgbò" ti fẹ̀ jù. Tí ẹnikẹ́ni bá ní òmíràn kó mú un wá, ẹ̀gbọ́n ní ọjọ́ Ẹtì làwọn fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀.