Kí ni ìrù pẹlẹbẹ bífà wà fún?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, kí ni bífà (beaver), ẹranko tí ń fi igi àti ẹrẹ̀ sé odò, ń fi ìrù rẹ̀ pẹlẹbẹ ṣe, kí ló sì fún eyín iwájú rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn? Ṣé ó ń jẹ ẹja?

Ìdáhùn: Ìrù náà, tí ìpẹ́ bò dípò irun, ló fi ń tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà nínú omi, bí ó bá sì rí ewu, yóò fi gbá ojú omi kí àwọn ará ilé rẹ̀ lè tètè mòòkùn. Kò fi ru ẹrẹ̀ o; ọwọ́ iwájú ló fi ń gbá ẹrẹ̀ mọ́ àyà.

Ìdáhùn: Irin inú eyín náà ló fún un ní àwọ̀ yẹn, òun ló sì mú un le. Eyín náà kì í dẹ́kun dídàgbà. Igi tí ó ń gé ló ń bù ú kù.

Ìdáhùn: Bífà kì í jẹ ẹja rárá. Èèpo igi àti ewé ni oúnjẹ rẹ̀.