Háídrójìn nínú ilé ríákítọ̀: ṣé ká fọ́n omi sí i?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, bí gáàsì háídrójìn bá kún ilé kọnkéré tó bo ríákítọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fi agbára átọ́ọ̀mù pèsè iná mànàmáná), ṣé ká tètè fọ́n omi tútù?

Ará Ṣàgámù: Rọra, àbúrò! Bí oru omi bá ju 55% lọ nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, háídrójìn ò lè jó. Omi tútù á sọ oru di omi. Háídrójìn tó ti ju 4% lọ á wá lè gbiná. Ẹ kọ́kọ́ wọn oru àti háídrójìn tó wà níbẹ̀.

Ará Ìjẹ̀bú-Igbó: PAR ńkọ́? Àwo tí wọ́n fi platinum tàbí palladium bò ni. Ó ń sọ háídrójìn àti ọ́síjìn di omi láìlo iná mànàmáná. Àmọ́ kì í yára.

Ará Ṣàgámù: Ní ilé iṣẹ́ ríákítọ̀ Fukushima ní Japan, 2011, náítrójìn tí kì í jẹ́ kí háídrójìn jó wà nínú ohun tó bo ríákítọ̀; àmọ́ háídrójìn jò jáde bọ́ sí àjà òkè ilé náà, ibẹ̀ ló ti bú gbàù.