Ẹ gbà mí o, ọ̀gá mi ní òun ò ní fọwọ́ sí èsì mi

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Orí mi ti gbóná. PhD ni mò ń ṣe nílùú ọba níbí, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni mò ń fi mass spec (ẹ̀rọ tó ń fi bí ohun tíntìntín ṣe wúwo tó dá wọn mọ̀) wò, ká lè mọ èyí tó máa ń tú àrùn ọkàn fó kó tó dá èèyàn dùbúlẹ̀. Mo sì rí i! Sphingosine-1-phosphate, ọ̀kan lára àwọn ọ̀rá náà, ga fíofío lára àwọn aláìsàn ju tàwọn tára wọn le lọ. Ọ̀gá mi wò ó fìrí, ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kì í dáhùn ímeèlì! Físà mi ń tán lọ, owó ilé ń bẹ lọ́rùn mi. Ṣé kí n fẹjọ́ rẹ̀ sùn ni?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Àrùn ọkàn ló mú bàbá mi lọ, wọ́n ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù wọn ò tiẹ̀ ga. Má jẹ́ kó sú ẹ.

Bọ̀dá Láàbù: Ẹ fi ti físà sílẹ̀ ná. Tube wo lẹ fa ẹ̀jẹ̀ sí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ̀rọ wa ò níṣòro, sà. Gbogbo sample ni mo fi internal standard sí, ìyẹn ohun tá a mọ ìwọ̀n rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tá a fi ń yẹ ìwọ̀n wò. Mi ò fiṣẹ́ ṣeré.

Kúnlé: Ẹ wo ceramide, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ míì. Láti 2016 ni Mayo Clinic ti ń fi mass spec yẹ̀ ẹ́ wò fáwọn aláìsàn: oríṣi 16:0, 18:0 àti 24:1, wọ́n á wá fi wọ́n wé 24:0.

Bọ̀dá Láàbù: Statin, oògùn kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, máa ń fa ceramide wálẹ̀, ta ló mọ ẹni tó ń lò ó nínú wọn? Tube wo, àbúrò?

Sister Táyọ̀: Ọmọ ìwòyí! Ọ̀gá tó ń tọ́ yín sọ́nà lẹ fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Kúnlé: Sister, ọ̀gá míì ìyà lásán ló fi ń jẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Sister Táyọ̀: Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ má jà nítorí mi. Ọsibítù ló fún mi ní èyí tó ṣẹ́kù lára ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, tube onídèérí pupa ni. Tàwọn tára wọn le, ṣọ́ọ̀ṣì wa la ti fà á lẹ́yìn ìsìn, àwọn míì ti jẹ ìrẹsì tán. Onídèérí elésè àlùkò ló wà nílẹ̀. Ṣebí ẹ̀jẹ̀ náà ni.

Bọ̀dá Láàbù: Háà! Nínú onídèérí pupa, ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ dì kẹ́ ẹ tó rí serum, omi tó ṣẹ́kù. Bó ṣe ń dì ni platelet, àwọn ohun tíntìntín tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ń tú sphingosine-1-phosphate dà sínú rẹ̀. Kẹ́míkà EDTA ló wà nínú elésè àlùkò, ẹ̀jẹ̀ kì í dì níbẹ̀. Tube lẹ wọ̀n, ẹ ò wọn ọkàn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Kò sówó láti tún un ṣe, sà. Ṣé mi ò lè yọ ìyẹn kúrò, kí n fi ìyókù kọ̀wé?

Bọ̀dá Láàbù: Inú tube méjèèjì yẹn náà ni ìyókù ti wá, pẹ̀lú ìrẹsì tó ń yí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ padà lórí ẹ̀. Tube kan náà fún gbogbo wọn, kí wọ́n má tíì jẹun, kẹ́ ẹ má sì to tàwọn aláìsàn àti tàwọn tára wọn le sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí tube wọn máa wọlé ní wúruwùru.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, ti físà yẹn, wá sí inbox. Lọ́yà ni àbúrò mi.